Aago olówó gọbọi tàbí máàpù bébà: kí ni kí n gbé lọ sórí Ben Nevis?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Leeds. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ máa ń lọ gun òkè lọ́jọ́ tí a bá ní ìsinmi, a sì ti fi ìparí oṣù kẹsàn-án sí Ben Nevis ní Scotland. Ọkọ mi fẹ́ ra aago ọwọ́ tó ń fi sátẹ́láìtì júwe ọ̀nà fún mi. Owó rẹ̀ lé ní pọ́n-ùn 400. Màmá àgbàlagbà tó ń kó wa rìn ní kí n fi aago sílẹ̀ ná, kí n kọ́kọ́ ra máàpù bébà, kọ́ḿpáàsì, fèrè àti ẹ̀wù irun àgùtàn. Ọkọ mi ní ayé ti kọjá ìyẹn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ gbọ́ ti màmá yẹn, àbúrò mi.

Ọkọ yín ò ṣe àìdáa o. Ẹni tó fẹ́ kí aya òun lọ re, kó bọ̀ re, ló ń wá owó aago. Àmọ́ ibi tí owó náà fẹ́ kọ́kọ́ lọ ni mi ò fara mọ́. Kíkó èèyàn gun òkè ní England àti Scotland niṣẹ́ mi. Bí ẹni tuntun bá dara pọ̀ mọ́ wa, bàtà rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà màá ní kó fi ibi tí a dúró sí hàn mí lórí máàpù. Ẹni tó bá fìka tọ́ka sí i láìfi falẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ń tọwọ́ bọ àpò wá fóònù, ẹ̀gbẹ́ mi ni mo máa ń ní kó wà bí kùrukùru bá fẹ́ bo òkè.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òkè yẹn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa sọ ohun tó yẹ ká gbé dání. Ben Nevis ga ní mítà 1,345; kò sí òkè tó ga tó o ní gbogbo Britain. Glen Nevis tí ẹ ó ti gbéra kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju etí òkun lọ, nítorí náà, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ gbogbo gíga rẹ̀ lẹ máa fẹsẹ̀ gùn. Ọ̀nà tó lọ sókè fẹ̀, ó hàn kedere, èrò sì máa ń pọ̀ níbẹ̀ nígbà ooru, títí kan àwọn tó wọ bàtà kánfáàsì lásán. Ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Orí téńté ni wàhálà wà. Pápá òkúta tó tẹ́jú lọ rẹrẹ ni. Ní ìhà àríwá rẹ̀, ilẹ̀ kàn já ni; ọ̀gbun tó jìn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà ló wà níbẹ̀, àwọn kòtò gbọọrọ sì ti inú ọ̀gbun náà là wọ pápá yẹn títí dé ìtòsí ibi tí èèyàn ń gbà kọjá. Láti 1883 sí 1904, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kọ́lé sórí òkè náà, wọ́n ń gbé ibẹ̀ tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn láti máa ṣàkọsílẹ̀ afẹ́fẹ́, òjò àti òtútù. Ohun tí àkọsílẹ̀ wọn fi hàn ni pé bí a bá da ooru àti òtútù ọdún kan pọ̀ tí a pín in dọ́gba, ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí òdo, níbi tí omi ti ń dì. Kùrukùru ló sì ń bo orí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ inú ọdún.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ òkè náà dáadáa fi ń fi nọ́ńbà méjì lé ara wọn lọ́wọ́: 231 àti 282. Láti ìdí òpó tí àwọn awọnlẹ̀ mọ sórí téńté, ẹ ó dojú kọ díígírì 231 lórí kọ́ḿpáàsì, ẹ ó rin mítà 150. Ibẹ̀ lẹ ó ti yà sí díígírì 282, ẹ ó sì máa bá a lọ títí ẹ ó fi bọ́ sójú ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá tètè yà kí mítà 150 náà tó pé, Gardyloo Gully, ọ̀kan nínú àwọn kòtò gbọọrọ yẹn, wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Bí ẹ bá gbàgbé láti yà, Five Finger Gully, kòtò jíjìn mìíràn, wà lápá òsì. Èèyàn ti bá ibẹ̀ lọ. Wọ́n kó òkúta jọ ní òkìtì-òkìtì láti fi sàmì sí ọ̀nà o, ṣùgbọ́n nínú kùrukùru tó nípọn, ẹ lè wà nídìí ọ̀kan kí ẹ má rí èkejì.

Ohun tí ọwọ́ ń ṣe nìyí. Ẹ tẹ́ máàpù. Kọ́ḿpáàsì tí mò ń wí ni èyí tí wọ́n fi ike tó mọ́ gaara ṣe ìdí rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Sweden gbé jáde láàárín ọdún 1930 sí 1940. Ẹ fi etí ike náà so ibi tí ẹ wà mọ́ ibi tí ẹ ń lọ, kí ọfà tó wà lára rẹ̀ kọjú sí ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ yí róbótó àárín rẹ̀ títí àwọn ìlà inú rẹ̀ yóò fi bá àwọn ìlà máàpù tó lọ sí àríwá dọ́gba. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà níwájú. Ẹ wá gbé e kúrò lórí máàpù, ẹ mú un sí iwájú àyà, kó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kó tó kan rírìn, ara yín lẹ ó yí, ẹ ò ní yí kọ́ḿpáàsì, títí abẹ́rẹ́ pupa yóò fi bọ́ sínú àpótí pupa tí wọ́n yà fún un. Ibi tí ọfà kọjú sí lọ̀nà yín. Ní ti Ben Nevis, nọ́ńbà ti wà nílẹ̀ ní tirẹ̀, yíyí nìkan ló kù.

Ẹ má wá tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ kí ẹ máa rìn. Ẹ wo òkúta kan ní ibi tí ojú ríran dé, ẹ rìn dé ìdí rẹ̀, kí ẹ tún mú òmíràn. Bí kùrukùru bá dí débi pé kò sóhun tí ẹ lè fi ṣàmì, ẹ ní kí ẹnì kan ṣáájú díẹ̀, kó má kọjá ibi tí ẹ ti ń rí i, kí ẹ máa wí fún un pé sún sọ́tùn-ún, sún sósì, dúró; ẹ ó wá bá a níbẹ̀. Ó ń falẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi bẹ́ẹ̀ mú èèyàn sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí a kò rí ẹsẹ̀ ara wa dáadáa.

Mítà 150 ńkọ́? Ẹsẹ̀ la fi ń kà á. Ọ̀pọ̀ àgbà ló máa ń gbé ẹsẹ̀ òsì bí ìgbà 60 sí 70 kí wọ́n tó rin mítà 100 lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ lọ sí pápá eré ìje kan ní Leeds, ẹ rin mítà 100 níbẹ̀ ní ìrìn yín ojoojúmọ́, kí ẹ ka ẹsẹ̀ òsì yín nìkan. Iye tó bá jẹ́, ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un, mítà 150 nìyẹn. Orí òkúta máa ń gé ìṣísẹ̀ kúrú, nítorí náà ẹ tún fi díẹ̀ lé e.

Màmá yín lè sọ fún yín pé àríwá abẹ́rẹ́ àti àríwá máàpù kì í bára mu. Òótọ́ ni, etí máàpù ni wọ́n sì máa ń kọ ìyàtọ̀ náà sí, torí ó ń yí lọ́dọọdún. Àǹfààní tiyín ni pé ó ti kéré gan-an ní Britain lásìkò yìí. Ní oṣù kọkànlá 2022, àríwá máàpù, àríwá abẹ́rẹ́ àti àríwá gidi bọ́ sórí ìlà kan ṣoṣo ní Langton Matravers, etíkun Dorset. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ń ya máàpù ilẹ̀ náà.

Aago tí ọkọ yín fẹ́ rà lè ṣe èyí tó pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni bó ṣe ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ kẹ́míkà ló ń gbé bátìrì lithium inú aago àti fóònù ró, òtútù sì máa ń mú kí iṣẹ́ náà fà. Àwọn tó ṣe iPhone fúnra wọn kọ ọ́ pé láàárín díígírì 0 sí 35 ni kí èèyàn ti máa lò ó. Fóònù tó ń sọ pé òun ṣì ní ìdá 30 nínú 100 lè kú mọ́ yín lọ́wọ́ láìṣe ìkìlọ̀ kankan. Òjò kán sójú rẹ̀, ó rò pé ìka ni, ó ń ṣí ohun tí ẹ ò tẹ̀. Ẹ sì ní láti bọ́ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó lè lò ó. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ ohun tí òtútù ń ṣe fún ìka ju èmi lọ. Bébà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí máàpù bá fẹ́ ya, ojú yín ló máa ṣe. Bó bá tutù, ẹ ṣì ń kà á. Bí abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì bá há, ẹ ó rí i pé kò mì mọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn lára àwọn ohun èlò àtijọ́ wọ̀nyí nìyẹn: wọ́n sábà máa ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé wọ́n fẹ́ bàjẹ́ kí wọ́n tó bàjẹ́, nígbà tí àyè ṣì wà láti wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà tó ju ti bátìrì lọ. Ní oṣù keje 2021, John Muir Trust, tí apá òkè Ben Nevis wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn, àti Mountaineering Scotland, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè ní Scotland, jọ ké gbàjarè pé ọ̀nà tí Google Maps ń júwe sórí òkè náà lè ṣekú pani. Ohun tó fà á kò díjú. Ẹ̀rọ náà wá ibi ìgbọ́kọ̀sí tó sún mọ́ orí téńté jù lọ, ó mú awakọ̀ débẹ̀, ó wá fa ìlà tótòtó láti ibẹ̀ tààrà sókè. Ìlà yẹn gba ojú òkúta gíga tí kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀. Fóònù kò bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, bátìrì kún, sátẹ́láìtì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kàn ń wo bó ṣe jìn sí ni, kò wo bí ilẹ̀ ṣe rí.

Ẹni tó bá mọ máàpù kà, kò sí bí ìlà yẹn ṣe lè mú un. Lórí máàpù aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń pè ní Explorer, èyí tí Ordnance Survey, àjọ tó ń ya máàpù Britain, ṣe, sẹ̀ǹtímítà 4 ni kìlómítà 1, àwọn ìlà tín-ín-rín tó yí òkè ká sì ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ga sí. Ibi tí ìlà bá ti jìnnà síra, ilẹ̀ dẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fún pọ̀, ilẹ̀ ga fíofío. Nọ́ńbà 392 ni ti Ben Nevis àti Fort William. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ nílé, ẹ wo apá àríwá òkè náà: àwọn ìlà yẹn rọ́ lu ara wọn débi pé òkúta ni wọ́n yà síbẹ̀. Ojú kan ṣoṣo lẹ fi rí ìyẹn. Ojú aago kò fẹ̀ ju owó ẹyọ lọ. Ibi tí ẹ wà ló lè fi hàn yín, kò rọrùn láti fi rí ohun tó wà ní kìlómítà 2 sí ọwọ́ òsì.

Èmi náà ń gbé fóònù lọ o. Mo máa ń wé e sínú ọ̀rá, màá fi sínú àpò abẹ́ ẹ̀wù níbi tí ooru ara wà, màá sì pa á. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ ṣẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe 999, ẹ ní ọlọ́pàá lẹ ń fẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ ní àwọn agbanilà orí òkè. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá gbé ohùn, ó lè gbé àtẹ̀jíṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ fóònù yín sílẹ̀ ṣáájú: ẹ kọ “register” ránṣẹ́ sí 999 láti ilé lónìí. Àwọn tó máa wá gbé yín níbẹ̀, ẹgbẹ́ agbanilà ti Lochaber, agbègbè tí òkè náà wà, kì í gba kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Ohun tó dáa jù tí ẹ lè ṣe fún wọn ni kí ẹ lè ka nọ́ńbà ibi tí ẹ wà láti orí máàpù fún wọn.

Àrùn kan wà tó ń ṣe kọ́ḿpáàsì tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Mágínẹ́ẹ̀tì ni abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sínú àpò kan náà pẹ̀lú fóònù, pàápàá èyí tí àpamọ́wọ́ rẹ̀ ń fi mágínẹ́ẹ̀tì dé, abẹ́rẹ́ lè yí padà, kí imú pupa máa tọ́ka sí gúúsù. Ẹ ò ní mọ̀, ẹ ó kàn máa lọ síbi tí kò yẹ. Nítorí náà, àpò ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fi sí, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn kí ẹ tó kúrò nílé.

Ní ti àkókò, ẹ̀rọ máa sọ iye wákàtí fún yín, ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe é lórí. Ará Scotland kan tó ń jẹ́ William Naismith ló fi òfin rẹ̀ lélẹ̀ ní 1892, a sì ń lò ó títí dòní: wákàtí 1 fún kìlómítà 5, kí ẹ fi wákàtí 1 kún un fún mítà 600 tí ẹ bá gùn. Àlọ Ben Nevis jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 8, ìgùnkè rẹ̀ sì sún mọ́ mítà 1,340. Ìyẹn á jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 50, láìka ìsinmi, oúnjẹ àti fọ́tò mọ́ ọn. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, oòrùn ti ń wọ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí agogo méje ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀. Ẹ fi èyí pinnu ìgbà tí ẹ máa gbéra, kí ẹ tún pinnu agogo tí ẹ máa yíjú padà, bóyá ẹ ti dé orí tàbí ẹ ò tíì dé e.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló kàn, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ti máa ń jìyà jù. Àǹkárá, jíǹsì, síńgílẹ́ẹ̀tì tó ń tù wá lára nílé, òwú ni gbogbo wọn. Òwú a máa fa òógùn, á lẹ̀ mọ́ ara, bí ẹ bá sì dúró kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ooru ara yín ló máa máa gbé lọ. Irun àgùtàn lè fa oru omi tó tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ pé ó tutù, ó sì ká kóńkóló lọ́nà tó fi ń há afẹ́fẹ́ mọ́ inú, nítorí náà ó ṣì ń mú ara móoru bó bá rẹ. Ó ń ṣe díẹ̀ kó tó gbẹ, póliẹ́sítà yára jù ú lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n póliẹ́sítà máa ń rùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Fẹ́lẹ́ kan mọ́ra, ọ̀kan tó nípọn lórí rẹ̀, kí ẹ̀wù òjò wà lókè wọn.

Ní ti kí a gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ẹnì kan wà tí mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Matthew Henson, adúláwọ̀ tí wọ́n bí ní Maryland ní Amẹ́ríkà ní 1866, bá Robert Peary, ará Amẹ́ríkà tó ń wá góńgó àríwá ayé, lọ sí ilẹ̀ yìnyín àríwá léraléra. Ó kọ́ èdè àwọn Inuit, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń da ajá, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ orí yìnyín, awọ ẹran tí àwọn obìnrin ibẹ̀ rán ló sì ń wọ̀. Ní oṣù kẹrin 1909, òun, Peary àti àwọn Inuit mẹ́rin dé ibi tí wọ́n ní ó jẹ́ góńgó àríwá ayé. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bóyá ibẹ̀ gan-an ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé aṣọ àti ajá yẹn gbé wọn lọ, ó sì gbé wọn bọ̀. Kò ju ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, Robert Falcon Scott, ará Britain, gbé ọkọ̀ orí yìnyín mẹ́ta tó ń lo ẹ̀ńjìnnì lọ sí gúúsù ayé. Yìnyín já, ọ̀kan rì kí wọ́n tó sọ ẹrù kalẹ̀ tán. Méjì tó kù dákú nígbà tí ìrìn kò tíì jìnnà.

Ìyẹn ò ní kí n sọ pé gbogbo ohun àtijọ́ ló sàn. Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń re imú. Nílé, àwọn ọdẹ wa fi káábáàdì tan iná lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi ń kán sí i, ó ń hó, ó ń rùn. Nígbà tí tọ́ọ̀ṣì LED dé, wọ́n gbé káábáàdì jù sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́n. Ẹ̀yin náà, ẹ ra tọ́ọ̀ṣì orí tuntun pẹ̀lú bátìrì ìpààrọ̀. Ẹ ra ẹ̀wù òjò ìgbàlódé tó fúyẹ́.

Fèrè kò ju pọ́n-ùn díẹ̀ lọ. Ẹ fun ún lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìdáhùn. Ọ̀fun ẹni tó bá ń pariwo á há láìpẹ́, fèrè kì í há. Fláàsì náà, ẹ má fi í sílẹ̀. Ògì olómi gbígbóná pẹ̀lú ṣúgà nínú òtútù orí Ben Nevis, ó ju gbogbo súúwítì tí wọ́n ń tà nítorí eré ìdárayá lọ.

Kí ẹ tó lọ, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Leeds lọ sí Horton-in-Ribblesdale, ẹ gun Pen-y-ghent. Mítà 694 ni, inú máàpù Explorer OL2 ló wà. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣíwájú lọ́jọ́ náà, kí màmá yín máa tẹ̀ lé e, kí fóònù gbogbo yín sì wà ní pípa títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá sì ti rí i ṣe, ẹ sọ fún ọkọ yín pé bàtà aláwọ lẹ fẹ́ kó fi owó aago rà: èyí tí wọ́n rán ìdí rẹ̀, tí onísọ̀bàtà lè pààrọ̀ ìdí rẹ̀ bó bá jẹ. Ẹ fi ìda pa á, kí ẹ sì máa wọ̀ ọ́ láti ìsinsìnyí, kó ti mọ ẹsẹ̀ yín kí oṣù kẹsàn-án tó dé.